Corolla 2004 mi àti kóòdù P0171 tí kò fẹ́ lọ: mo ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Tíṣà_Òkèlérìn | Àìkú, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi wá, ó sì ti sú mi.

Corolla 2004 ni, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, 1.8. Mo rà á ní oṣù Kẹsàn-án lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti wà á fún ọdún mẹ́ta ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí mo rà á, kò sí iná kankan lójú dáṣíbọọ̀dù. Oṣù Kejìlá ni check engine ṣàdédé tàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà kan níbí, ó fi síkánà yẹ̀ ẹ́ wò, P0171 ló jáde. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló kú. A ra tòkúnbọ̀, a fi sí i, ó pa kóòdù rẹ́, iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí mo ṣe ń jáde nílé láàárọ̀, ó tún tàn. Ó ní èyí tí a rà ni kò dáa, a tún ra òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta péré nìyẹn lò. A pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fọ nósùlù, gbogbo rẹ̀ já sí pàbó.

Owó tí mo ti ná ti lé ní ₦110,000. Ní báyìí, ọkùnrin náà ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ni ká lọ rà.

Mọ́tò ń rìn o. Kì í kú lójú ọ̀nà, kì í gbóná, kì í gbọ̀n. Àárọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ tí ìró rẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀ bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i. Tó bá yá, á rọlẹ̀. Owó oṣù tíṣà ni mo fi ń ṣe gbogbo èyí. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ ra brain box.

Ọmọ_Akẹ̀sán | Àìkú, 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, epo ni. Ẹ fa ti inú táńkì dànù, kẹ́ ẹ ra òmíràn nílé epo tó ṣeé fọkàn tán. Nílùú Ọ̀yọ́ níbí, mọ́tò méjì ni mo mọ̀ tí epo ṣe báyìí.

Awakọ̀_Àtijọ́ | Àìkú, 8:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ tú orí bátìrì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ dè é padà. Iná á kú. Bó bá tún tàn, ẹ tún un tú. Ọdún méjì ni mo fi wa Sienna mi lọ Èkó lọ bọ̀ báyẹn. Mọ́tò tó ti lé lógún ọdún, tó bá ṣáà ti ń rìn, ẹ jẹ́ kó máa rìn.

Ọ̀gá_Tákìé | Àìkú, 9:20 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì ra brain box o. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe, ọdún kejìlélógún rèé, Corolla irú èyí ni mo sì ń rí jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Bàbá Awakọ̀, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ bátìrì tí ẹ ní kí wọ́n tú yẹn. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ti kọ sílẹ̀ nípa àìsàn yìí ló máa pa rẹ́. Iná á kú lóòótọ́, torí pé kọ̀ǹpútà ní láti tún ẹ́ńjìnnì náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ rí àṣìṣe yìí nínú ìrìn méjì kó tó tan iná. Ohun tó jẹ́ kí Tíṣà rò pé sẹ́ńsọ̀ tuntun ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló ṣiṣẹ́, kóòdù tí wọ́n pa rẹ́ ni.

Kí ni P0171 ń sọ gan-an? P ni ẹ́ńjìnnì àti jíà. 0 túmọ̀ sí pé gbogbo ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ń lò ó, kì í ṣe Toyota nìkan. 1 tó tẹ̀ lé e wà fún ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́. Lódindi, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo ní Bank 1, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí sìlíńdà kìíní wà. Ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́rin bíi tiyín, Bank 1 nìkan ló ní. Ẹ tún un kà: kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀, kò dárúkọ plọ́ọ̀gì, kò dárúkọ brain box. Ohun tó rí ló sọ, kò sọ ẹni tó fà á. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ẹlẹ́rìí tó wá fẹjọ́ sùn ni.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù, bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 14.7, ìwọ̀n epo á jẹ́ 1. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ èyí. Ẹ ronú nípa obìnrin tó ń ro àmàlà. Bó bá rí i pé ó ń le, á bu omi díẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, tó rí i pé èlùbọ́ inú àpò yìí ń mu omi gan-an, kò ní dúró kó le mọ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni á ti gbé omi tó pọ̀ kaná. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe epo náà nìyẹn. Omi tó ń bù lójú ẹsẹ̀ là ń pè ní short term fuel trim. Èyí tó ti mọ́ ọn lára ni long term. Tó bá wà láàárín -10 sí +10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń sún lọ sí +25, tí epo tó ń fi kún un kò sì tíì tó, ó tan iná nìyẹn.

Torí náà, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Ẹ wá síkánà tó ń fi nǹkan wọ̀nyí hàn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà short àti long term wá: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, nígbà tó gbóná tó wà lórí síló (tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ tẹ tọ́tù), àti nígbà tí ẹ fi tọ́tù gbé e dé 2500 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ freeze frame sí. Àwòrán bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní ìṣẹ́jú tí kóòdù wọlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má pa kóòdù yẹn rẹ́ kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ́ńjìníà_UnderG | Àìkú, 9:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo ní síkánà ELM327 oní-Bluetooth kékeré kan. Ẹ wá gbà á ní ẹnu géètì LAUTECH lọ́la lẹ́yìn aago mẹ́rin. Abẹ́ sítiárì ni ẹ máa kì í bọ̀. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ti ní ojú ibẹ̀, kò lè má sí nínú tiyín. Fóònù yín ló máa fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Mo fẹ́ fi kan kún ọ̀rọ̀ Ọ̀gá: bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ kú, ẹ wo bóyá ó ń dáhùn. Tí epo bá pọ̀ lójijì, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wà láàyè.

Tíṣà_Òkèlérìn | Ìṣẹ́gun, 6:55 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ẹ́ńjìníà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ohun tí mo rí rèé.

Freeze frame: omi ẹ́ńjìnnì 46°C, RPM 1,150, ìyára mọ́tò 0, short term +13, long term +22.

Lónìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nínú ọyẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí mo ṣáná sí i: short +12, long +22. Lẹ́yìn tí mo ti dé ilé ìwé, tó ti gbóná dáadáa, lórí síló: short +2, long +9. Ní 2500: short 0, long +3.

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo rí i pé àárọ̀ ló burú jù.

Ọ̀gá_Tákìé | Ìṣẹ́gun, 8:10 alẹ́

Tíṣà, ẹ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ẹ wo freeze frame yẹn. 46°C, ìyára 0. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná tán máa ń wà ní nǹkan bí 85 sí 95. Ẹ ò tíì kúrò lójú ilé nígbà tí kóòdù wọlé. Kì í ṣe orí ọ̀nà, kì í ṣe òkè, kì í ṣe ẹrù.

Nǹkan kejì ni pé nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀ bí ẹ bá tẹ tọ́tù. Ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jí wọlé lẹ́yìn ibi tí MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, wà. Lórí síló, ẹnu throttle fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ kíkan, àmọ́ iye tó ń wọlé kéré. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ olè díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé e dé 2500, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà tó tọ́ ti pọ̀, ti olè yẹn kò tó nǹkan mọ́. Ká ní páńpù epo ni, òdìkejì lẹ̀ bá rí: á dára lórí síló, á burú bẹ́ ẹ bá fẹ́ sáré.

Ẹ̀kẹta ni òtútù. Intake manifold ni páìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lára 1ZZ-FE yìí, rọ́bà ni, ó jókòó sínú kòtò lára manifold oníke. Bó bá pẹ́, á le gbagidi. Nínú òtútù á súnkì, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, á wú padà, ihò á dí. Òun ló fà á tí ẹ kò fi rí iná kankan ní oṣù Kẹsàn-án, tí ó wá tàn nígbà tí ọyẹ́ dé. Àwọn tó ń tún Corolla yìí ṣe mọ àìsàn yìí dáadáa.

Mi ò tíì sọ pé òun ni o. Hósì PCV tó ń ti orí ẹ́ńjìnnì wọ manifold lè ti là, hósì bíréèkì bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká rí i kẹ́ ẹ tó tú nǹkan.

Tíṣà_Òkèlérìn | Ìṣẹ́gun, 8:26 alẹ́

Ọ̀gá, rẹwáyà yẹn ti fín carb cleaner yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ká lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀gá_Tákìé | Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́

Aago mélòó ni?

Tíṣà_Òkèlérìn | Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Bí aago méjì ọ̀sán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkòyí-Ilé dé ni.

Ọ̀gá_Tákìé | Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

Ihò ti dí nígbà yẹn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí mọ́tò ti sun síta mọ́júmọ́. Ẹ má lo carb cleaner fúnra yín, iná lè gbé e. Ẹ rọ omi lásán sínú ike tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti ṣáná sí i, tí ìró náà bá ń lọ sókè sódò, ẹ máa fín in díẹ̀díẹ̀ síbi tí manifold ti pàdé ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó kan kọ́ìlì tàbí ojú wáyà. Ibi tí ìró bá ti yí padà, ibẹ̀ ni.

Ọmọ_Akẹ̀sán | Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ń jò, ṣé mọ́tò ò ní máa gbọ̀n ni? Tíṣà ní kì í gbọ̀n.

Ọ̀gá_Tákìé | Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Àbúrò, ìbéèrè gidi ni. Tó bá jò púpọ̀, á gbọ̀n. Tó bá jẹ́ díẹ̀, kọ̀ǹpútà ń bo àṣírí rẹ̀, epo ló fi ń dí i. +22 tí ẹ rí yẹn ni owó tó ń san kí mọ́tò má baà gbọ̀n. Tó bá jẹ́ epo ló burú, kò ní mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Oníkajú | Ọjọ́rú, 10:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Camry 2005, ẹ́ńjìnnì 2.4, ni mo fi ń rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí mo ń ra kajú lọ́wọ́ wọn. P0171 kan náà ni temi, láti oṣù tó kọjá. Ṣé kí n lọ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kí àsìkò kajú tó wọlé? Mi ò fẹ́ kó dá mi dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú owó àwọn èèyàn.

Ọ̀gá_Tákìé | Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán

Mọ̀mí, ẹ má ṣe é. Kóòdù lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí àìsàn má jẹ́ ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ bí Tíṣà ti ṣe. Ṣé ó máa ń fà bẹ́ ẹ bá ń gun òkè?

Oníkajú | Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ó ń fà o! Bí mo bá kó èèyàn mẹ́ta, tí mo dé òkè, màá tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní lọ. Ọmọ mi bá mi wo nọ́ńbà náà: lórí síló, long term +5. Ní 3000, +23. Àárọ̀ ò yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Ọ̀gá_Tákìé | Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́

Ẹ ò rí i? Òdìkejì ti Tíṣà pátápátá. Ohun méjì ni mo fura sí. Bóyá MAF ti dọ̀tí, kò ka afẹ́fẹ́ tán nígbà tó pọ̀. Tàbí kí epo máà dé tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń bèèrè púpọ̀. Èyí tí kò wọ́n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe: kí wọ́n fi oògùn MAF fọ̀ ọ́. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún. Bí kò bá yàtọ̀, kí wọ́n fi géèjì wọn agbára epo. Ó yẹ kó wà láàárín 44 sí 50 psi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn tà yín ní páńpù láìwọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè kan, Mọ̀mí: ṣé ẹ ra epo inú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí epo wọ́n?

Oníkajú | Ọjọ́bọ̀, 7:20 alẹ́

Mo rà á dáadáa. Kí ni à bá ṣe?

Tíṣà_Òkèlérìn | Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Ọ̀gá! Ọwọ́ mi ṣì tutù bí mo ṣe ń kọ èyí. Mọ́tò sun síta, mo jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, ọyẹ́ mú débi pé gíláàsì iwájú ti bo. Mo ṣáná sí i, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Mo fín omi sí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, kò yí padà. Ẹ̀kejì, kò yí padà. Mo dé ẹ̀kẹta, mo gbọ́ bí ìgbà tí èèyàn fa ọbẹ̀ gbígbóná sẹ́nu, fíìn báyìí, ìró náà sì rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ibì kan náà ni. Ìyàwó mi dúró tì mí, òun náà gbọ́ ọ. Nígbà tó gbóná, mo tún fín in síbẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ṣé mo lè gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ Ajé?

Ọ̀gá_Tákìé | Àbámẹ́ta, 8:00 àárọ̀

Ẹ máa bọ̀. Mo máa ní kí wọ́n bá mi ra gásíkẹ́ẹ̀tì náà láti Gate n'Íbàdàn, tuntun ni, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Rọ́bà tó ti lo ogún ọdún lára mọ́tò ẹlòmíràn kò lè wo tiyín sàn.

Tíṣà_Òkèlérìn | Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

A ti tú u. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹnìkan ti tú manifold yìí rí kí n tó ra mọ́tò náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló dá padà, ó wá fi gọ́ọ̀mù kùn ún yíká. Gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ, ó ti ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ kẹta, ibi tí mo ti gbọ́ ìró yẹn gan-an. Gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, mo gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná, ó le bí ike.

Ọ̀gá fi aṣọ dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó há gọ́ọ̀mù náà kúrò, kí èérún rẹ̀ má baà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Igi pẹlẹbẹ ló fi há a, kì í ṣe irin. Tuntun wọlé láìsí gọ́ọ̀mù kankan. Láti àárín ló ti ń dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ike kò fẹ́ agídí. Ó pààrọ̀ hósì PCV náà nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti ń là. Gásíkẹ́ẹ̀tì, hósì àti iṣẹ́, kò tó ìdá mẹ́ta owó tí mo ti ná sẹ́yìn.

Mo bi í nípa sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó bá mọ́tò wá. Ó ṣì wà nínú búùtù mi. A dá a padà síbi tó ti kúrò.

Oníkajú | Ẹtì, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fọ MAF, kò yàtọ̀. Wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n: 31 psi. Wọ́n ṣí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n yọ páńpù jáde. Àwọ̀n tó wà lẹ́nu páńpù náà ti dúdú kirikiri, ìdọ̀tí dí i, yẹ̀pẹ̀ àti omi sì wà nísàlẹ̀ táńkì. Wọ́n fọ táńkì, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀n. Mo ní kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó: 47. Mo ti gun òkè lónìí pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin.

Àbúrò Ọmọ_Akẹ̀sán, epo tí o sọ, mọ́tò temi ló wà fún.

Ọmọ_Akẹ̀sán | Ẹtì, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mọ̀mí, ẹ kú oríire. Ọ̀gá, mo ti gbà. Mo ti ra ELM327 kan fún ara mi.

Awakọ̀_Àtijọ́ | Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ọ̀gá, Sienna mi ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀. P0300 ni wọ́n kà. Mi ò tú bátìrì mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá_Tákìé | Ẹtì, 8:41 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. P0300 ní kí ẹ má pẹ́ o. Iná inú sìlíńdà ló ń ṣẹ́, epo tí kò jó ń lọ sínú páìpù èéfín, ó sì lè sun catalyst tó ń sọ èéfín di mímọ́ bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí i tí iná check engine ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kẹ́ ẹ wá ibi dúró sí. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun fún un, kẹ́ ẹ kọ freeze frame rẹ̀ síbẹ̀, a jọ máa wò ó.

Tíṣà_Òkèlérìn | Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ó ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ló wà lára mọ́tò. Àárọ̀ òní, nínú òtútù: short +2, long +4. Tó gbóná, lórí síló: short 0, long +3. Ní 2500: +2. Iná kò tàn. Ẹ́ńjìníà, màá gbé ELM327 yín wá sí Under G lọ́la, aago mẹ́rin.